Àga fún Ayẹjúwò

Aṣọ ìgbéyàwó tí mo ti rán láyé mi lé ní ọgọ́ta, mo sì ní òfin kan tí n kì í yẹ̀. Bí mo bá wọn ìyàwó tán, màá dín aṣọ náà kù ní ìwọ̀n ìka kan ní ìbàdí, torí gbogbo ìyàwó ló máa ń rù kí ọjọ́ tó pé. Ìrònú ń bẹ, àìsùn ń bẹ, àríyànjiyàn lórí ẹni tí wọ́n máa pè àti ẹni tí wọn ò ní í pè ń bẹ. Òfin náà kò já mi kulẹ̀ rí títí di ọdún tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ sílé ọkọ. Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, màá sì sọ ibi tí ẹ̀bi tèmi wà, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sọ ọ́, tirẹ̀ á sì gùn jù.

Atẹ̀wé ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń to lẹ́tà onírin ní ilé ìtẹ̀wé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ohun méjì ló kù tó fẹ́ràn: ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, àti ọkọ̀ búlúù kan tó ti dàgbà ju ọmọ náà lọ. Aládùúgbò kan ló sọ ọmọ náà ní Eyínfúnjowó nígbà tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Tíṣà àwọn ọmọ kékeré ni. Ní gbogbo àárọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ búlúù yẹn gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ àfi tó bá rí i pé ó ti wọ géètì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi pé àádọ́rin ọdún ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti pé àádọ́rin gbọ́dọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò ojú kó tó lè gba ìwé tuntun. Ó gbé lẹ́tà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ bíi pé èmi ni mo kọ ọ́.

"Wọn ò wò mí," ó ní. "Ọdún mi ni wọ́n wò. Ṣé ọdún mi ló ń wakọ̀ ni?"

Ó ní ọmọkùnrin tó ń gbé ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa ti kọlu òpó iná lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn, ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà sí i. Àmọ́ mo mọ̀ pé ara ọkọ̀ búlúù náà ti họ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, láti iná iwájú títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òpó géètì ilé ẹ̀kọ́ ló sún wá bá òun.

Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọmọ wa ló ròyìn rẹ̀. Ó ní bàbá òun kọ̀ láti jókòó sórí àga. Ó sọ fún ayẹjúwò tó wà níbẹ̀ pé òun ti ń ka lẹ́tà tó kọ ẹ̀yìn síni kí bàbá rẹ̀ tó mọ A yàtọ̀ sí B, pé wọ́n kàn ń fi ọjọ́ orí fìyà jẹ àgbà ni. Ó bínú jáde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní "Ó dàbọ̀," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Eyínfúnjowó dúró sẹ́yìn láti bá a tọrọ àforíjì. Ọkùnrin gíga kan ni ayẹjúwò náà, tínrín, tí gíláàsì ojú òun fúnra rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.

"Bàbá yín ni ẹni kẹsàn-án tó bú mi lọ́sẹ̀ yìí," ó ní, "àmọ́ àwọn nìkan ló dágbére fún mi lẹ́yìn rẹ̀."

Ọmọ wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Eyínfúnjowó, tó bá ti rí ẹ̀rín yẹn, ìbéèrè rẹ̀ tán. Ayẹjúwò fún bàbá ní oṣù mẹ́ta sí i, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe gbà á láyè, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì kọ déètì náà tí kò bọ́ sí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e ni ọkùnrin kan gbé ṣòkòtò wá fún mi pé kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Mo gé e. Ní Sátidé kejì, ó tún gbé e dé. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ wa, tí kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí a ti bí i, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi rán bọ́tìnnì ní gbogbo Sátidé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo sọ fún ọkùnrin náà pé bí mo bá tún gé ṣòkòtò yìí, aṣọ ìwẹ̀ ló máa kù, kó jókòó kó sọ ohun tó ń wá. Ó jókòó. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọmọ wa.

"Mà, ohun tí mò ń wá ló ń rán bọ́tìnnì yẹn sí ìdí aṣọ."

Ayẹjúwò náà ni. Lóòótọ́ ni, ìdí aṣọ ló ń rán an sí. Inú mi dùn débi pé mi ò bínú sí i. Mo ti ń retí kí ọmọ yẹn rí ẹni tó máa mú kó ṣìṣe.

Ọ̀pọ̀ Sátidé ni wọ́n fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn náà, mo sì máa ń rí iṣẹ́ ṣe ní iyàrá ẹ̀yìn. Mo bi ọkùnrin náà lọ́jọ́ kan ìdí tí wọ́n fi mú àádọ́rin, tí wọn ò mú méjìdínlọ́gọ́ta bíi tèmi. Ó ní kò sí ọjọ́ orí tí ojú ò lè bàjẹ́, àmọ́ láti nǹkan bí àádọ́rin, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ díẹ̀díẹ̀ tí ẹni tó ni ín ò ní í mọ̀. Ó ní adájọ́ ń wá, agbálẹ̀ ń wá, òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré ló sì ń gbà. Mo ní bí kò bá wá dùn mọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ dáa ńkọ́? Ó ní ó máa ń dun ẹlòmíràn, òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í bínú bí wọ́n bá bú òun.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ ọ́ fún bàbá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí tí mo fi dé ibi iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní kò ṣeé gbọ́. Ó ní nígbà tí òun ra ọkọ̀ búlúù, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ọ́fíìsì yẹn ní kí òun lọ kí òun bọ̀, ìwé kan ṣoṣo sì ni. Ó ní ènìyàn tó ń jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ tó ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé "o ò lè ṣe é", bó bá délé, ìyàwó rẹ̀ ló máa sọ ọ́ fún. Òkúta ni gbogbo wọn. Eyínfúnjowó bi í pé kí ni ẹni yìí gan-an ṣe.

"Kò tíì ṣe é ni," ni bàbá rẹ̀ wí. "Gbogbo wọn ló máa ń ṣe é."

Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá nìyẹn. Àmọ́ omijé ti dé ojú ọmọ wa. Ó ní òun ò ní í fẹ́ ọkọ tí bàbá òun ò fọwọ́ sí, òun ò sì ní í fẹ́ ẹlòmíràn. Ó wọ iyàrá lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rín tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ kò jáde.

Ibi tí ẹ̀bi tèmi ti wọlé nìyí. Mo rò ó pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá yege ní àyẹ̀wò yẹn, tó gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ayẹjúwò pẹ̀lú ẹ̀rín, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Mo bá gbé ṣòkòtò olókìkí yẹn lọ sí ọ́fíìsì fún ọkùnrin náà. Nígbà tó wọlé lọ bu tíì wá fún mi, mo dìde, mo lọ síwájú pátákó lẹ́tà tó wà lára ògiri, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, láti orí E ńlá tó wà lókè títí dé ìlà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà nísàlẹ̀ pátápátá. Aránṣọ ni mí, n kì í fi etí aṣọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ní òun ò nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọjọ́ méjì ló fi há a sórí. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n ti bi ara mi pé kí ló dé tí ẹni tí ojú rẹ̀ dáa fi ń há lẹ́tà sórí.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, àwa mẹ́ta la jọ lọ, torí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga bí ọkọ ìyàwó. Ayẹjúwò fi páálí bo ojú òsì rẹ̀, ó ní kó máa kà. Ó kà á wọ̀ọ̀. Ó dé ìlà ìsàlẹ̀, ibi tí gbogbo ayé ti ń dúró, kò dúró. Ó ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ pátákó náà, ó ka ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì fi "ẹ̀dà kejì" kún un. Atẹ̀wé ni, lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí bí a kò bá dárúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ayẹjúwò yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì rìn lọ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pátákó náà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò mọ̀ pé nǹkan wà ní ìsàlẹ̀ yẹn. Ó wo ìwé ìwọ̀n tó wà lórí itan mi. Mo gbé báàgì lé e. Ó fi páálí bo ojú ọ̀tún bàbá, ó yí pátákó náà padà, ó ní kó tún kà á pẹ̀lú ojú òsì.

Láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí O kan lókè tó tóbi bí àwo. Ẹ̀gbọ́n mi pè é ní E. Ó ka ti tẹ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìgboyà, ó dárúkọ atẹ̀wé, ó ní "ẹ̀dà kejì".

Òǹtẹ̀ wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí ọwọ́ ayẹjúwò. Ó wo Eyínfúnjowó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo gbàdúrà kó gbé òǹtẹ̀ yẹn, mo jẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé bó bá tẹ̀ ẹ́, ìyàwó ti dé ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní jẹ́jẹ́, "mo ti yí pátákó náà padà."

Ó tún bo ojú òsì, ó ní kó ka ẹ̀yìn pátákó náà pẹ̀lú ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi kà á láìṣe àṣìṣe. Ọkùnrin náà ní ojú ọ̀tún yìí dára ju tòun lọ, pé ó jọ pé awọ funfun kan ló ń bo ti òsì, dókítà sì lè yọ ọ́. Ó kọ ìwé sí dókítà. Kò fọwọ́ kan òǹtẹ̀.

Ìtìjú mú ẹ̀gbọ́n mi, ìtìjú náà sì di ìbínú. Ó ní ṣé mo ti rí i báyìí, ṣé òun ò sọ pé òkúta ni wọ́n, wọ́n ti dájọ́ òun láti ọjọ́ tí òun ti pé àádọ́rin.

"Rárá, sà," ni ọkùnrin náà wí. "Ọjọ́ orí yín ló pè yín wá sórí àga. Kì í ṣe òun ló dájọ́. Bó bá jẹ́ òun ló ń dájọ́ ni, kí la fẹ́ fi pátákó ṣe? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ló ń gba ìwé wọn lọ sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dágbére.

Ọmọ wa ò lọ sí ibì kankan fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó wá bá mi, ó ní òun ń bínú, àmọ́ òun ò mọ ẹni tí òun ń bínú sí. Ọkàn kan ń sọ pé ọkùnrin tó fẹ́ràn òun ì bá tẹ òǹtẹ̀ yẹn. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Àǹtí, bó bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ òsì ni àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń gbà sọdá wọ géètì."

Ìgbà yẹn ni ara mi bù máṣọ. Èmi ni mo kọ pátákó yẹn sínú ìwé. Mo jẹ́wọ́ fún un, ó sì wò mí títí kó tó dì mọ́ mi. Ó ní òun máa fẹ́ ọkùnrin náà, bó bá gba ọdún mẹ́wàá kí bàbá òun tó gbà.

Mi ò ní ọdún mẹ́wàá. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀, kò tíì gbé ọkọ̀ náà jáde láti ọjọ́ náà. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé òun náà ti ronú kan òpó géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọn ò wò yín, ọdún yín ni wọ́n wò."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ṣì ń sọ ọ́.

"Wọ́n gbé àga fún yín, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ́fíìsì ọmọkùnrin yẹn lẹ wò. Níbo ni àga tí ẹ gbé fún un wà?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ́kọ́rọ́, ó gbé e kalẹ̀. Mo fi orí kan fèrèsé, mo ń wo ìta, torí mi ò fẹ́ kó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó yá, ó ní àwọn ará ọ́fíìsì yẹn ṣì ní kí òun lọ kí òun bọ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá o. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kì í ṣe irọ́. Mo ní kì í ṣe irọ́, àmọ́ ọmọ ìka ò dọ́gba.

"Sọ fún un kó wá ní Sọ́ńdè," ó ní. "Kó wá jókòó."

Ó gbé àga onígi kan sí àárín pálọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri bíi ti ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú yẹn, ó kí gbogbo wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lọ rìn bọ̀. Ó bi í bóyá òun náà ti sọ fún ènìyàn rí pé kó lọ kó padà wá lọ́la láìnídìí. Ọkùnrin náà ronú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì, ebi ló ń pa òun, ó sì ṣì ń dun òun. Ẹ̀gbọ́n mi bi í nípa àwọn tó ti dàgbà ju àádọ́rin lọ. Ọkùnrin náà ní tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún, ṣe ni wọ́n máa ń gba ìwé rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀ rárá. Òun àti ẹlẹgbẹ́ òun kan ló kọ̀wé sókè pé kò dáa, pé kí wọ́n jẹ́ káwọn náà wá jókòó. Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ ọ́ kí wọ́n tó gbọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò gbọ́ èyí rí.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀.

"Bí mo bá tún wá lọ́la pẹ̀lú ojú òsì yìí, ṣé wàá tẹ òǹtẹ̀ fún mi?"

"Rárá, sà."

"Bí mo bá ní o ò ní í fẹ́ ọmọ mi ńkọ́?"

Eyínfúnjowó di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Rárá náà ni, sà. Màá kàn máa sunkún ni bí mo ṣe ń kọ 'kò yege'."

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dijú mọ́rí, ẹ̀rín ti bọ́ sílẹ̀. Ó jókòó. Ó ní ọkùnrin tí kò lè purọ́ nítorí ìyàwó, bóyá kò ní í purọ́ fún ìyàwó. Nígbà tí ọkùnrin náà ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ó dàbọ̀," ó ní. Ó na ọwọ́ sí i. "Ọmọ mi."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni dókítà yọ awọ funfun yẹn. Oṣù mẹ́ta sí i, wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo wọn ọmọ wa, mo sì dín aṣọ rẹ̀ kù ní ìka kan. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wọ̀ ọ́ wò. Mo ní kí ló fẹ́ wò, ṣé èmi ò mọ ìyàwó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, síìpù aṣọ náà dé ìbàdí, ó dúró. Inú ọmọ yìí ti dùn láti ìgbà yẹn wá, ó ń jẹun, ó ń sùn, kò rù, ṣe ló sanra. Òógùn bò mí. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ, mo mú òwú, mo ń wá ojú abẹ́rẹ́. Mo kì í bọ̀ ọ́, kò wọlé. Mo fi itọ́ pọ́n ọn, kò wọlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ tuntun, ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sí fèrèsé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, kí gbogbo wa lè rí i pé òsì ló ń lò, ó sì ki òwú náà bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" ó bi mí.

Mo ní ó mọ̀ ọ́n, méjìdínlọ́gọ́ta, mi ò sì ń wakọ̀.

"Òfin ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ," ó ní. "Àmọ́ èmi ti wò ọ́." Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí mi. "Ọkọ ọmọ wa máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Lọ bá a."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì gba gbogbo iyàrá. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá, àmọ́ ó dà bíi pé tèmi ò tíì yá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ jókòó sórí àga náà láìmú ìwé ìwọ̀n lọ́wọ́. Ìlà kẹta ni mo ti dúró. Gíláàsì tí mo fi ń ránṣọ báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó tirẹ̀.

Mo ṣì ń dín aṣọ ìyàwó kù ní ìka kan, torí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń rù. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí n kì í pè wá wọ̀ ọ́ wò kí ọjọ́ tó pé.